Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Gba Oníhò Mẹ́fà Lọ́wọ́ Malome

Àwọn tó mọ̀ mí ní Vryburg yóò sọ fún yín pé Gaopalelwe kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi mọ́. Gbogbo ibi tí mo gbé e lọ, wọ́n ní kí n dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá sọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí.

Obìnrin ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé ìbọn ni mí. Ọgbà tí wọ́n ti ń ta màlúù ní gbàǹjo là ń ṣọ́. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn àgbẹ̀ a kó màlúù wá láti oko ọ̀nà jíjìn, owó a sì máa rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ibi tí owó bá wà, ẹ mọ̀ pé olè kì í jìnnà síbẹ̀.

Mothibi, àbúrò ìyá mi, ló mú mi wọ iṣẹ́ náà. Malome ni mo ń pè é, bí àwa Batswana ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni, gbogbo ẹ̀ṣọ́ yòókù sì kọ́ ọ lẹ́nu mi. Lọ́dọ̀ wa, bàbá lè bí ọ, ṣùgbọ́n malome ló ni ọ̀rọ̀ rẹ. Òun ni wọ́n máa ń wá bá bí ọkọ bá dé. Òun ló máa bá ọ wí tí ìyá tó bí ọ yóò wo ilẹ̀. Èmi tí ẹnu mi mú tó báyìí, n kò sọ “rárá” fún Malome rí láyé mi.

Nígbà náà, oníhò mẹ́fà ni gbogbo wa ń gbé. Ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ni, èyí tí àgbá kékeré inú rẹ̀ ń yí, tí ọta mẹ́fà ń gbé inú ihò mẹ́fà. Èyí tó wà lọ́wọ́ Malome dàgbà jù mí lọ, igi ìdí rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́.

Tiro, ọmọkùnrin kan láàárín wa tí kì í gbé ẹnu sójú kan, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Malome, ṣé ìbọn yìí náà kọ́ ni bàbá bàbá yín fi lé kìnnìún?”

“Òun ni,” Malome á dáhùn. “Kìnnìún náà kò sì padà wá mọ́. Ìwọ ńkọ́, kí lo ti lé rí, yàtọ̀ sí àwọn obìnrin?”

Ẹ má fi àwàdà rẹ̀ wò ó o. Tí a bá lọ síbi tí a ti ń dán ìbọn wò, kò sí ẹni tó ń na Malome. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í gbọ̀n rárá.

Bẹ́ẹ̀ la wà títí ọ̀gá tuntun fi dé. Lourens ni wọ́n ń pè é, òyìnbó Boer kan tó ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Kò pẹ́ tó dé tó fi ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì.

“Gao, ojú rẹ là, ẹnu rẹ sì yá. Ilé iṣẹ́ fẹ́ pààrọ̀ ìbọn. Mo ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn yòókù, tí yóò sì máa darí wọn. Wàá wọ aṣọ funfun àwọn alábòójútó. Wàá kúrò nínú oòrùn.”

“Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, ọ̀gá?”

“Mo máa pe ìpàdé. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kò ní fẹ́. Bí èmi bá dá wọn lóhùn, wọ́n á ní òyìnbó ń fi ipá mú wọn. Ó sàn kó jẹ́ ọmọ ilé wọn ló máa dá wọn lóhùn.”

Ó yé mi kedere. Kò sí ẹni tó tàn mí. Ṣùgbọ́n oòrùn Vryburg kì í ṣeré, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń dúró nínú rẹ̀. Mo wo ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn lórí ògiri Lourens, mo ní, “Ó dáa, ọ̀gá.”

A ṣe ìpàdé náà lábẹ́ búkà ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti máa ń mu tíì. Oníkálùkù mú magwinya gbígbóná, àkàrà ìyẹ̀fun díndín, dání, òróró rẹ̀ ń ṣàn sí wọn lọ́wọ́. Lourens to ìbọn méjì sórí tábìlì: oníhò mẹ́fà, àti ìbọn tuntun kan, dúdú, pẹlẹbẹ. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń ki àpò ọta bọ̀, ènìyàn á wá di irin òkè rẹ̀ mú, á fà á sẹ́yìn gan-an kí ọta tó bọ́ sẹ́nu. Kí ìpàdé tó parí, Tiro ti sọ ọ́ ní Afàsẹ́yìn.

“Èmi o, ọ̀gá, ẹ gbé tuntun fún mi kíá,” Tiro ní. “Ìbọn gígùn làwọn ìgárá ń gbé wá báyìí. Kí n tó ka ọta kọ̀ọ̀kan bọ inú oníhò mẹ́fà, wọ́n á ti sin mí, ẹ̀yin náà á sì ti jẹ ẹ̀kọ bogobe ìsìnkú mi tán.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Malome dìde, ó ṣí fìlà.

“Ọ̀gá, n kò bá ìbọn tuntun jà. Ẹni tó bá wù kó gbé e. Ṣùgbọ́n oníhò mẹ́fà kì í fi ohun tó wà níkùn rẹ̀ pa mọ́. O ṣí i, o rí i: ó kún ni, àbí ó ṣófo. Bí ọta kan bá kọ̀, o tún ìka fà, òmíràn ti dé. Ohun mìíràn tún wà. Àwọn ìgárá ò ka oníhò mẹ́fà sí, wọn kì í pa ènìyàn tìtorí rẹ̀. Èyí tó ń dán yìí, wọ́n á wá gbà á lọ́rùn wa. Ohun tí mò ń tọrọ kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ọwọ́ wa ti mọ́ ọn máa lò ó lọ títí a ó fi fẹ̀yìn tì.”

Àwọn àgbà bíi mẹ́rin kùn sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Lourens kàn wò mí.

Mo dìde. “Malome, ẹ foríjì mí. Bí àwa bá gbé ọ̀tọ̀, tí ẹ̀yin gbé ọ̀tọ̀, ọta wa ò ní bára mu. Bí tiyín bá tán lójú ìjà, tí mo ju tèmi sí yín, ṣé ẹnu lẹ máa fi sọ ọ́ lu olè? Ìbọn kan náà ló yẹ kí gbogbo wa gbé. Ẹni tó bá fẹ́ràn ohun àtijọ́, kó gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀ rẹ̀.”

Ẹ̀rín bú. Tiro fi ọwọ́ lu tábìlì. Malome náà rẹ́rìn-ín, ó dé fìlà rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀,” ó wí. “Mo ti gbọ́.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo fi ń tún un sọ fún ara mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n n kò tilẹ̀ ronú láti bi Malome pé kí ló dé tó fi ń bẹ̀bẹ̀.

Mo rí ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń kọ́ wọn. Odindi òwúrọ̀ ni Malome fi ń sún sẹ́yìn. “Jẹ́ kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ ṣe tiwọn,” ó ń wí. Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ jẹun, tó ku èmi àti òun nìkan, ó gba ìbọn lọ́wọ́ mi.

“Ẹ fi ọwọ́ òsì di irin òkè mú, Malome. Ẹ fà á.”

“Mò ń fà á.”

“Ẹ fà á dáadáa.”

“Gao, mo ní mò ń fà á!”

Òógùn ti bò ó lójú. Irin náà kò mira. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ tí mo ti ń rí láti kékeré. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò lè ká. Àwọn ìka yòókù wú ní oríkèé, wọ́n sì wọ́.

“Kí ló ṣe ọwọ́ yín?”

“Okùn màlúù ló fún un nígbà tí mo wà lọ́mọkùnrin. Làkúrègbé wá bá a níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé, wọn ò san owó ilé.”

Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. N kò lè rẹ́rìn-ín.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ ní ìpàdé?”

“Kí n wí fún Lourens pé ọwọ́ mi kan ti kú? Kó dá mi padà sílé lọ́jọ́ náà? Ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, Gao. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ láì lábàwọ́n, ilé iṣẹ́ á fún un lówó àjẹmọ́nú. Ẹni tí wọ́n bá lé, wọ́n á gba yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn rẹ̀, ó parí. Mo ní ọmọ-ọmọ mẹ́ta tí ìyá wọn kú fi sílẹ̀ nílé. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni oníhò mẹ́fà ń fẹ́. Ìdí tí mo fi tọrọ rẹ̀ nìyẹn.”

Ó wá sọ ohun tí n kò fẹ́ kó sọ. “Ràn mí lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.”

Kò sí ẹni tó ní kí n má lọ bá Lourens lọ́jọ́ yẹn. Ǹ bá wí pé, “Ọ̀gá, mo ṣìṣe ní ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà gbé ìbọn wọn.” Ǹ bá kó ọ̀rọ̀ ara mi jẹ níwájú gbogbo wọn, ojú ì bá tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tán. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun náà ti wà lọ́rùn mi. Kàkà kí n sọ pé mo ṣìṣe, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé Mothibi yege.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òfin iṣẹ́ ni pé ọta kò gbọdọ̀ sí lẹ́nu Afàsẹ́yìn bí a bá ń ṣọ́ ọgbà. Ìdí ìbọn ni ọta ń gbé, ìgbà tí ewu bá dé lẹ̀ṣọ́ á tó fà á. Malome kò sì lè fà á bí ewu bá dé. Nítorí náà, láràárọ̀, èmi ni mo ń bá a fà á níbi àgbá iyanrìn tí a máa ń kọ ẹnu ìbọn sí. Mo ń fi ọta sẹ́nu rẹ̀, Malome á gbé e wọ àpò ìbàdí, yóò sì máa gbé ìbọn tí ọta ti wà lẹ́nu rẹ̀ kiri títí di ìrọ̀lẹ́. Nírọ̀lẹ́, mo tún ń bá a yọ ọ́.

Tiro rí wa lọ́jọ́ kan. “Gao, ṣé ìwọ lò ń bá Malome jẹ oúnjẹ lẹ́nu kó tó gbé e mì?”

“Ìwọ fẹ́ràn àtojúbọ̀,” mo wí.

Lọ́jọ́ tí ara ọmọ mi kò yá, tí n kò lè wá síbi iṣẹ́, odindi ọjọ́ ọjà ni Malome fi dúró láàárín owó àti olè pẹ̀lú ìbọn tí kò lè yìn. “Irin lásán ló wà ní ìbàdí mi lánàá,” ó sọ fún mi. “Bí olè bá dé, ǹ bá jù ú lù ú.” Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo lọ sí ilé ìgbẹ́, mo sunkún.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gba iṣẹ́ kíkọ orúkọ àlejò, èyí tí kò la ìbọn lọ. Ó ní bí òun bá gbé ìbọn kalẹ̀, wọ́n á bi òun léèrè ìdí. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ ìyá mi, nítorí òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà, bóyá yóò gbọ́ tirẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti ń súre. “Mothibi ní ọ̀pá ìtìlẹ́yìn lo jẹ́ fún òun níbi iṣẹ́ yẹn. Ọmọ tó ń tọ́jú malome rẹ̀, kò ní ráhùn láé.” Mo ní, “Àṣẹ.” Kí ni ǹ bá tún wí?

Ọjọ́ tí ó tú, ọjà ńlá ni. Ọgbà kún dẹ́múdẹ́mú, màlúù ń ké, onígbàǹjo ń pariwo lórí àga gíga rẹ̀. Lourens dé pẹ̀lú obìnrin kan láti ilé iṣẹ́ adójútòfò. Lourens sọ pé ní ìlú kan, ẹ̀ṣọ́ kan tó fi ọta sẹ́nu ìbọn ti ṣèèṣì yìn ín lu ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá ọta lẹ́nu ìbọn rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, ilé ló ń lọ.

“Gao, pe àwọn ènìyàn rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n wá tú ìbọn wọn níwájú àlejò wa.”

Èmi fúnra mi ni kí n pè wọ́n.

Mo pe Tiro. Ó yọ àpò ọta, ó fa irin sẹ́yìn. Ó ṣófo. Mo pe ẹlòmíràn, mo tún pe ẹlòmíràn, mo ń pè wọ́n bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo ń gbàdúrà pé kó rẹ obìnrin yìí, kí òùngbẹ gbẹ ẹ́, kí màlúù kan já okùn. Bọ́tìnnì kan tí kò sí lára aṣọ Lourens ni mò ń wò ṣáá. Màlúù kankan kò já okùn.

“Ó ku ẹnì kan,” Lourens ní. “Bàbá tó wà ní géètì yẹn.”

“Ọ̀gá, bí Malome bá kúrò ní géètì—”

“Tiro, lọ dúró ní géètì.”

Malome ń bọ̀. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń kí àwọn àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó wò mí lójú, mo mọ ohun tó ń bi mí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti sọ. Mo mi orí díẹ̀ pé rárá.

Mo na ọwọ́. “Malome, ẹ gbé e wá kí n bá yín wò ó. Ó dà bíi pé irin rẹ̀ ń há láti àná.”

Lourens rẹ́rìn-ín. “Rárá o. Jẹ́ kí bàbá ṣe tiwọn fúnra wọn. Àbí ìwọ kọ́ lo ní wọ́n yege?”

Mo ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Mo ti tò ó tán: Ọ̀gá, ọta wà lẹ́nu ìbọn yẹn, èmi ni mo fi síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò lè fà á. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà lórí ahọ́n mi, mo ń tọ́ ọ wò. N kò sọ ọ́.

Malome fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ ìdí ìbọn, àpò ọta bọ́ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì lé irin òkè. Ọwọ́ náà yọ̀ kúrò.

“Òróró tí Gao ń fi sí ìbọn yìí ti pọ̀ jù,” ó wí, “ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dín magwinya.” Àwọn àgbẹ̀ tó dúró nítòsí rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó tún gbìyànjú. Ó tún yọ̀.

Lourens kò rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀.

Malome gbé ẹsẹ̀ òsì lé òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá iyanrìn. Ó fi irin ìbọn kọ́ gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀, ó fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo tì í. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ nírú ìyẹn. Bóyá ó ti ń dá a ronú fúnra rẹ̀ ní gbogbo àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn.

“Malome, ẹ dúró!” Mo kígbe nígbà náà. Ìgbà náà ni ohùn mi tó jáde.

Ìka rẹ̀ tẹ ibi tí wọ́n fi ń yìn ín, ìbọn dún. Gbogbo màlúù inú ọgbà ya lu irin, àwọn ènìyàn dojú bolẹ̀. Malome kò kígbe. Ó jókòó sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó wo ojúgun rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú jáde, ó sì gbé ojú sókè sí mi. “Ó wà lẹ́nu rẹ̀, Gao,” ó wí, bí ẹni pé èmi ni kò mọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní eegun náà ti rún. Lourens àti obìnrin náà dúró níbi orí bẹ́ẹ̀dì, èmi dúró níbi ẹsẹ̀.

“Ta ló fi ọta sẹ́nu ìbọn yẹn, bàbá?”

“Èmi ni.”

“Pẹ̀lú ọwọ́ yẹn?”

“Ọwọ́ yìí dáa nígbà tí Gao dán mi wò. Ẹnu àìpẹ́ yìí ló bàjẹ́. Mo fi í pa mọ́ fún un.”

Lourens yíjú sí mi. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Malome tẹjú mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ mọ irú ojú yẹn, ojú tí wọ́n fi ń lé ọmọdé wọlé nígbà tí àlejò bá wà níta. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọdé. Mo lè sọ pé ojú rẹ̀ ló dí mi lẹ́nu, ẹ̀rù iṣẹ́ mi náà sì wà níbẹ̀, n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ títí dòní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá,” mo wí.

Wọ́n lé Malome. Ó ti rú òfin, kò sí àjẹmọ́nú. Ìyá mi dì mí mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ń sunkún sí mi léjìká. “Ọpẹ́lọpẹ́ pé o wà níbẹ̀,” ó ń wí. “Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ.”

Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo wọ ọ́fíìsì Lourens, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

“Ta ni ìwọ̀nyí máa ràn lọ́wọ́?” ó bi mí. “Adójútòfò sanwó ilé ìwòsàn nítorí wọ́n gbà pé ìwọ àti èmi ò mọ nǹkan kan. Bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bèèrè owó wọn padà lọ́wọ́ bàbá. Ìwọ á lọ. Èmi á lọ. Ẹsẹ̀ bàbá ò sì ní jinná ju bó ṣe jinná yìí lọ. Lọ sí ẹnu iṣẹ́ rẹ, Gao.”

Mo lọ bá Malome nílé. Mo ní mo fẹ́ sọ òtítọ́ síta, ohun tó bá fẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

“Fún ta ni?” ó wí. “Nínú ìdílé yìí, ìwọ nìkan ló kù tó ń mówó wálé. Mo ti sọ tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí. Jókòó, jẹun.”

Mo jókòó. Mo jẹun. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń ra ìwé àti bàtà fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ìyẹn ló burú jù.

Oṣù tó kọjá, Lourens rán mi lọ sí Kuruman láti kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn, Sebolai, tí irun rẹ̀ ti funfun. Ó gba Afàsẹ́yìn lọ́wọ́ mi. Ó fà á. Ó tún fà á. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi Mma bọ̀wọ̀ fún mi, bí a ṣe ń fi Rra bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin.

“Mma, bá mi fà á. Kí àwọn ọmọ yìí má rí mi.”

Mo bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, mo fóònù Lourens. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a fún àwọn àgbà ní oníhò mẹ́fà padà. Ọ̀kan péré ni mò ń tọrọ.”

“Èwo nínú wọn?” ó dáhùn. “A ti kó gbogbo wọn fún ọlọ́pàá, wọ́n sì ti gé wọn wẹ́wẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan, ọ̀gá.”

Mo padà, mo sọ fún Sebolai pé kò yege. Kò bínú. Ó gbé ìbọn lé tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó kí mi, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ lójú gbogbo wọn. Malome àwọn kan ni òun náà.

Bí ẹ bá bi mí bóyá oníhò mẹ́fà ṣì yẹ ẹ̀ṣọ́ ayé òde òní, n kò mọ̀ mọ́. Tiro ṣì ní kò yẹ, bóyá òótọ́ ló ń sọ. Èmi mọ ọkùnrin kan tó yẹ, mo sì fi í ṣe ẹlẹ́yà níwájú ènìyàn. Ẹ̀yin tí wọ́n bá fi ipò lọ̀, tí wọ́n ní kí ẹ fi ẹnu yín dá àgbà yín lóhùn, ẹ kọ́kọ́ bi àgbà náà léèrè ohun tó ń dùn ún. Èyí tí mo rí kọ́ nìyẹn, kò sì wúlò fún mi mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìrìn Kuruman, mo lọ kí Malome. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ sórí àga, ọ̀pá rẹ̀ méjì wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Kuruman ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú mi, ẹnu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbọ́.

“Wọ́n ní o dá ọkùnrin kan padà sílé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Malome.”

“Ṣé ọwọ́ ni?”

“Ọwọ́ ni.”

“Kí lo sọ fún un?”

Mo wo ilẹ̀. “Mo ní, ‘Ẹ má bínú, Rra. Ẹ ò yege.’”

Ó ń fi ọwọ́ òsì ra orúnkún rẹ̀.

“Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?” ó wí. “Ọ̀rọ̀ náà kò mà gùn, Gao.”